Èjìká ọmọ tó ń ju ọ̀kọ̀ tàbí bọ́ọ̀lù ọwọ́: ohun tí òbí àti tíṣà yóò ṣe kó má bàa bàjẹ́

Láti oṣù kìíní títí dé ìparí oṣù kẹta, ẹ rìn láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ gba Ìkẹ́nnẹ́ dé Ṣàgámù, ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá tí ì ṣe íńtà-háòsì ń múra rẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni àwa tíṣà eré ìdárayá máa ń kó ọmọ jáde sí pápá. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ láti oṣù kẹwàá á dédé máa jù ú ní ìgbà 60 lóòjọ́, torí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù tí àwọn òbí yóò wá jókòó sábẹ́ kánópì. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ó rí i tó ń fi ọwọ́ òsì di èjìká ọ̀tún mú. A ó ní kó lọ fi róòbù pa á. A ó ní ara rẹ̀ ló ń le. Ọmọ á sì padà sórí ìlà.

Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọbìnrin ọdún 13 kan wà tó mọ bọ́ọ̀lù ọwọ́ jù bí ẹnu ti lè sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá bá mi pé, "Sà, èjìká mi ń ro mí." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kó fara dà á. Nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà, oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ní kó má ju ohunkóhun. Ìyá náà kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé, "Tíṣà, ìgbà mélòó ló ń jù ú lójúmọ́?" N kò lè dá a lóhùn, torí n kò kà á rí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kà á tí mo sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ìwé kíkà yẹn sì ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí.

Ohun tó wà nínú èjìká ọmọ

Ẹ má ṣe rò pé èjìká àgbà tí a dín kù ni èjìká ọmọ. Egungun apá òkè, láti èjìká dé ìgúnpá, ní ibì kan nítòsí orí rẹ̀ tí ó ti ń gùn sí i. Ibẹ̀ kò tí ì di egungun gidi. Ó rọ̀, bí ara etí wa tó ṣeé ká. Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 gígùn tí egungun yẹn yóò gùn, ibẹ̀ ló ti ń wá. Ojú ìdàgbà ni mo máa ń pè é fún àwọn òbí. Lára ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin, ó máa ń dí láàárín ọdún 14 sí 17. Lára ọmọkùnrin, ó lè di ọdún 16 sí 18, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó dí, kò lágbára tó àwọn iṣan tó so mọ́ egungun tó ń fà á. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ì bá kàn fa iṣan ní ọrùn apá èmi tí mo ti dàgbà fi máa ń ṣe ọmọ ọdún 13 léṣe nínú egungun.

Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ju nǹkan pẹ̀lú agbára, apá rẹ̀ ń yí bìrí, egungun náà sì ń lọ́. Bó bá jù ú níwọ̀nba, tó lọ sùn, ara á tún ibẹ̀ ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá ń jù ú lójoojúmọ́, tó tún wá pọ̀ sí i lójijì, ara kò ní rí àyè tún un ṣe tán kí òmíràn tó dé. Ojú ìdàgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, á sì máa dùn. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà tètè rí i lára àwọn ọmọ tó ń ṣeré béésìbọ́ọ̀lù (eré tí ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù kékeré, tí ẹlòmíràn ń fi igi gbá a), ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ líìgì àwọn ọmọdé wọn: Little League shoulder. Láti ọdún 11 sí 16 ló máa ń mú wọn, ó sì pọ̀ jù lára ọmọ ọdún 13 àti 14. Àwọn ọmọ tiwa kì í ṣe béésìbọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni apá ń gbà yí fún ọ̀kọ̀, fún bọ́ọ̀lù ọwọ́, àti fún ẹni tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ láti òkè.

Ọmọ tó bá ti ju ọdún 17 lọ, tí egungun rẹ̀ ti dí, iṣan tó yí oríkèé ká ló máa ń jìyà tirẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ kò jìnnà sí èyí tí mo fẹ́ sọ, àmọ́ àwọn kékeré ló jẹ mí lógún jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bi ọmọ léèrè, ẹ má dúró dè é

Ọmọ tó fẹ́ wà nínú àwọn tí a máa mú lọ ìdíje kò ní sọ pé nǹkan ń dun òun. Níbi tí a ti ń pe ọmọ tó bá ráhùn ní ọ̀lẹ, yóò gbé e mọ́ra títí yóò fi bàjẹ́. Nítorí náà, àwa ni ká béèrè, kí ìbéèrè náà sì ṣe pàtó.

Ẹ má bi í pé, "Ṣé ara yá?" Bẹ́ẹ̀ ni yóò sọ. Ẹ ní kó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka ibi tó ń ro ó. Bí ìka rẹ̀ bá bọ́ sí ìta apá òkè, níwọ̀n ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin sísàlẹ̀ ṣóńṣó èjìká, ẹ kíyè sára, àgbègbè ojú ìdàgbà nìyẹn. Ẹ bi í nípa ìgbà tó máa ń dùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tó bá jù tán ni. Tó bá ṣe díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn nígbà tó ń jù ú lọ́wọ́. Tó bá ti dé ibi tí wíwọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ tàbí gbígbé báàgì kọ́ èjìká ti ń dùn ún, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀.

Àmì kan wà tó máa ń ṣáájú ìrora, tíṣà ló sì yẹ kó kọ́kọ́ rí i. Ọ̀kọ̀ tó máa ń lọ mítà 25 á bẹ̀rẹ̀ sí í já sí 20. Bọ́ọ̀lù á máa fò kọjá orí ẹni tó ń jù ú sí. Ìgúnpá ọmọ, tó yẹ kó ga tó èjìká nígbà tó bá ń jù, á máa wálẹ̀. Bí a bá rí èyí, àṣìṣe wa ni láti pariwo pé kó tún gbìyànjú sí i. Apá ti rẹ̀ ẹ́ ni. Àwọn onímọ̀ ní Alabama ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi àwọn ọmọ béésìbọ́ọ̀lù tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ wé àwọn tí ara wọn le, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2006, rí i pé ọmọ tó sábà máa ń jù nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po 36 ewu iṣẹ́ abẹ ju èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n wò, kò sí èyí tó tó àárẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ojú àti ọwọ́ wò ó

Èyí kò ní kí ẹ di dókítà. Ó kàn máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ lè dúró di ọjọ́ Ajé tàbí ẹ ò lè dúró.

Ẹ ní kó bọ́ ẹ̀wù (bó bá jẹ́ ọmọbìnrin, kí ìyá rẹ̀ tàbí tíṣà obìnrin ṣe é). Ẹ wo èjìká méjèèjì láti ẹ̀yìn: ṣé ọ̀kan wálẹ̀ ju ìkejì lọ, ṣé egungun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká kan yọ síta bí ìyẹ́? Ẹ ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó kan etí. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìta apá òkè jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹ ti òdìkejì náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá dùn tí ìkejì kò dùn, ẹ ti mọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, kó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kó kọjú sí òrùlé. Kó na apá síta kó dọ́gba pẹ̀lú èjìká, kó ká ìgúnpá kí ọwọ́ máa wo òkè. Ẹ fi ọwọ́ kan di èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má dìde. Kó ju ọwọ́ sílẹ̀ sí ìhà ẹsẹ̀ títí dé ibi tó lè dé, kó tún gbé e padà sí ìhà orí. Kó ṣe apá kejì náà. Apá tó ń ju nǹkan máa ń lọ sẹ́yìn sí ìhà orí ju ìkejì lọ, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sí ìhà ẹsẹ̀. Èyí kò burú fún ẹni tó ń jù. Ohun tó burú ni kí àpapọ̀ ìrìn apá náà dín sí ti ìkejì. Ẹ̀yìn èjìká ti gan nìyẹn.

Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an bó bá gbọ́ "kà" nínú èjìká tí kò sì lè gbé apá mọ́, bí èjìká bá yí padà lójú, bí ìka ọwọ́ bá kú tàbí ó ń ta á, bí èjìká bá wú tó gbóná tí ibà wà lára rẹ̀, tàbí bí ìrora kò bá jẹ́ kó sùn lóru.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Bí irú ẹ̀jẹ̀ (jẹ́nótáìpù) ọmọ yín bá jẹ́ SS tàbí SC, ẹ má fi ìrora èjìká ṣe ọ̀rọ̀ pé ó ju bọ́ọ̀lù jù. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde lè má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé orí egungun apá bó ṣe yẹ, kí orí egungun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe ní ìbàdí. Kòkòrò àrùn tún lè wọ inú egungun wọn. Ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti ọmọ tó kàn jù ú jù. Bí ẹ kò bá tí ì mọ irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ ẹgbẹ́ eré ìdárayá kankan, kí ẹ sì sọ fún tíṣà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ dá jíjù dúró lónìí

Lónìí, kì í ṣe lẹ́yìn íńtà-háòsì. Ọmọ náà ṣì lè sáré, ó lè fo sókè, ó lè gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Jíjù nìkan ni kò gbọ́dọ̀ ṣe. Fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ lè fi áísì tí ẹ wé sínú aṣọ sí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ẹ má gbé áísì lé awọ ara lásán.

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe. Àkọ́kọ́, ẹ má gba oògùn ìrora ní kẹ́míìsì fún un kó lè jáde sí pápá. Oògùn yẹn á pa ìrora, kò ní pa ohun tó fa ìrora, ọmọ á sì wá máa ju nǹkan lórí egungun tó ti ń ya. Abẹ́rẹ́ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì, ẹ má wọ́ ọ pẹ̀lú agbára. Mo mọ bí ọwọ́ àwọn ìyá wa ṣe dùn tó lára, pàápàá pẹ̀lú òrí tàbí àdí gbígbóná, ẹ sì lè fi pa á jẹ́jẹ́ bó bá tù ú lára. Ohun tí mo ń sọ ni wíwọ́ tí ń mú ọmọ sunkún. Ẹ̀kẹta, ẹ má gbé e lọ kí wọ́n fa apá náà. Àwọn tó ń to egungun ní ìmọ̀ tiwọn, àwọn baba wa sì jàǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n egungun yìí kò yẹ̀ kúrò láyè. Ojú ìdàgbà rẹ̀ ló fẹ̀. Bí a bá fà á, a ó tún fẹ̀ ẹ́ sí i ni, ọmọ sì lè dàgbà tán kí apá kan kúrú ju ìkejì lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn

Ẹni tó bá wà ní Rẹ́mọ súnmọ́ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù. Ará Ìjẹ̀bú lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ kọ ìwé fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà egungun.

Àwọn òbí máa ń dé ibẹ̀, wọ́n á kàn sọ pé, "Apá ń dùn ún." Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fún yín ní oògùn ibà mọ́ oògùn ìrora. Ẹ sọ ọ́ báyìí: ọmọ ọdún báyìí ni, ó máa ń ju ọ̀kọ̀ (tàbí bọ́ọ̀lù ọwọ́), ìgbà báyìí ló ń jù ú lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ báyìí sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀, ibí yìí ló ń dùn ún. Bí tíṣà bá ní ìwé kíkà, ẹ mú un dání. Ẹ wá bẹ dókítà pé bó bá fẹ́ ya X-ray, kó ya èjìká méjèèjì, torí pé ojú ìdàgbà ọmọ wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí a bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn la tó máa ń rí i pé ọ̀kan fẹ̀ ju ìkejì lọ. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé X-ray kò fi nǹkan kan hàn, tí ibẹ̀ sì ń dùn bí a bá tẹ̀ ẹ́, ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ padà sí jíjù. Kó tó hàn lórí X-ray, ìrora ti máa ń wà.

Ẹ béèrè fún físíò pẹ̀lú, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Bí owó lílọ-bíbọ̀ bá le, ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín ní ohun tí ọmọ yóò máa ṣe nílé, kí ẹ sì padà lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: oṣù mẹ́ta ìsinmi, àti iṣẹ́ ilé

Fún ojú ìdàgbà tó ti fẹ̀, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń ní kí ọmọ fi sinmi. Ó gùn lójú ọmọ, ó sì gùn lójú tíṣà tó ń wá ife ẹ̀yẹ. Àmọ́ egungun ọmọ máa ń san dáadáa bí a bá fún un láyè, ìyẹn ni kí ẹ máa fi tù ú nínú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń kùnà ni pé ọmọ kò ju bọ́ọ̀lù mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ kò sinmi. Ọmọbìnrin tó ń din gàrí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lábúlé Ìjẹ̀bú, tó ń fi igbá yí i nínú àgbadá gbígbóná fún wákàtí mẹ́ta, ṣé èjìká rẹ̀ sinmi? Ọmọkùnrin tó ń fa omi kànga, tó ń gún iyán lọ́jọ́ Àìkú, tó ń fi ọkọ́ roko? N kò sọ pé kí ọmọ má ṣiṣẹ́ ilé. Ẹ pààrọ̀ ẹ ni. Kó máa fi ọwọ́ kejì fa omi, tàbí kí àbúrò rẹ̀ fà á, kí òun máa fọ abọ́, kó gbálẹ̀, kó lọ iṣẹ́ tí a bá rán an. Kó gbé báàgì kọ́ èjìká méjèèjì.

Ẹ tún ṣọ́ ọ lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí máńgòrò bá ti pọ́n, láti oṣù kẹta lọ, òkò tí ọmọ kan máa ń sọ ní ọ̀sán kan lè ju iye bọ́ọ̀lù tí mo jẹ́ kó jù ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti rí ọmọ tí mo dá dúró lórí pápá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ara rẹ̀ kò yá rárá, àfi ìgbà tí àbúrò rẹ̀ tú àṣírí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fífún èjìká lókun

Nígbà tí ìrora bá ti lọ, tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i, kó bẹ̀rẹ̀ èyí ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ kò nílò ohun èlò olówó. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà, kó fún yín ní túùbù ọ̀kadà tó ti bàjẹ́, ẹ gé e ní gígùn bí ọ̀já tí ìbú rẹ̀ tó ìka mẹ́ta, ẹ so ó mọ́ irin fèrèsé tó le.

Kó dúró ní ẹ̀gbẹ́ sí fèrèsé náà, kí apá tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ jìnnà sí i. Kó ká aṣọ ìnura sáàárín ìgúnpá àti ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, kí aṣọ náà má jábọ́. Kó fa túùbù láti iwájú ikùn lọ síta, kó dá a padà jẹ́jẹ́. Ìgbà 15, kó sinmi, kó tún un ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Dídá a padà jẹ́jẹ́ yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí pé iṣan ẹ̀yìn èjìká ló ń dá apá dúró lẹ́yìn tí ọ̀kọ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́. Bí iṣan náà kò bá lágbára, oríkèé ni yóò gba ìyà náà.

Lẹ́yìn èyí, kó kọjú sí fèrèsé, kó fa túùbù pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì wá sí àyà, kó fún egungun ẹ̀yìn èjìká méjèèjì pọ̀. Kó fọwọ́ ti ògiri bí ẹni tó ń ṣe pọ́ṣọ́ọ̀pù lórí ìdúró, kó tún fi díẹ̀ ti ẹ̀yìn ara rẹ̀ sẹ́yìn ní ìparí rẹ̀. Ká tó kúrò níbẹ̀, kó gbé apá kọjá iwájú àyà, kó fi ọwọ́ kejì fà á mọ́ra fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kó nà, kó má dùn.

Kó má sì gbàgbé ẹsẹ̀ àti ìbàdí. Nǹkan bí ìdajì agbára tó ń gbé ohun tí a jù lọ, láti ẹsẹ̀ àti ìbàdí ló ti ń wá. Ẹni tó mọ igi là kì í fi apá nìkan là á. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń bọ̀ pẹ̀lú àáké. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo fídíò Julius Yego, ará Kenya tó ju ọ̀kọ̀ dé mítà 92.72 ní Beijing ní 2015. Ẹ dá fídíò náà dúró ní àárín: ẹsẹ̀ òsì ti kanlẹ̀, ìbàdí ti yí síwájú, ọwọ́ ṣì wà lẹ́yìn pátápátá. Ọmọ tó ń dúró sójú kan, tó ń fi apá lásán jù, èjìká rẹ̀ ń dá iṣẹ́ gbogbo ara ṣe.

Ìgbésẹ̀ keje: pípadà sí jíjù

Kí ìrora ti lọ pátápátá, kí àpapọ̀ ìrìn apá méjèèjì ti bára mu, kí dókítà ti ní ó tó. Lẹ́yìn náà ni kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì, kì í ṣe pẹ̀lú ọ̀kọ̀. Ọjọ́ kan jíjù, ọjọ́ kan ìsinmi. Àwọn tó ń ṣe béésìbọ́ọ̀lù ní àkàbà tiwọn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí mítà 14, tó ń lọ sí 18, sí 27, sí 36. Ìyẹn ni mo gé kù fún àwọn ọmọ mi: ìgbà 15 ní mítà 10, jẹ́jẹ́, ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìgbà 15 sí i. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá báyìí tí kò dùn, á fi ìgbà 15 kẹta kún un. Tí ìyẹn náà bá lọ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì, a ó sún sí mítà 14, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti 15 méjì. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa gùn ún. Ìgbà tó bá ti ju bọ́ọ̀lù kékeré dé mítà 27 láìsí ìrora ni mo tó máa ń gbé ọ̀kọ̀ tàbí bọ́ọ̀lù ọwọ́ fún un, pẹ̀lú ìdajì agbára.

Bí ó bá dùn nígbà tó ń jù, tàbí tó jí tí ibẹ̀ ń ro ó, ọjọ́ méjì ìsinmi, kó padà sẹ́yìn ní ìpele kan. Bó bá tún dùn, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Kó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́: ìwé kíkà

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ohun tí mo ń ṣe kí ọmọ tó ráhùn nìyí.

Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ jíjù láti oṣù kẹwàá, ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdíje. Ní Dẹ́nmáàkì, wọ́n tọpa àwọn ọ̀dọ́ 679 tó ń ṣeré bọ́ọ̀lù ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ 31, wọ́n sì gbé èsì náà jáde ní 2017: àwọn tí iṣẹ́ wọn fi ju ìdá 60 nínú 100 lọ sókè láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìpalára èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti àwọn tó ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ohun tí à ń ṣe sí àwọn ọmọ wa ní sáà kejì gan-an nìyẹn, ó tilẹ̀ ju ìdá 60 lọ fíìfíì, torí láti orí òdo ni a ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, béésìbọ́ọ̀lù ti ní iye tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ kọjá lóòjọ́: ìgbà 85 fún ọmọ ọdún 11 àti 12, 95 fún ọmọ ọdún 13 sí 16, ọjọ́ ìsinmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù wọn fúyẹ́, ó kéré. Ẹ má mú iye náà bẹ́ẹ̀ lo fún ọ̀kọ̀. Lórí pápá mi, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 15 kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀kọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára kọjá ìgbà 25 lọ́jọ́ kan, kì í sì í jù ú ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Èyí tí a jù jẹ́jẹ́ láti fi kọ́ ẹsẹ̀ wà lọ́tọ̀, mo ṣì ń kà á. Mo tún máa ń fún wọn ní oṣù mẹ́rin lódún láìju nǹkan kan, torí pé nínú ìwádìí 2006 yẹn, àwọn tó ń jù fún ohun tó ju oṣù mẹ́jọ lọ lọ́dún ní ewu iṣẹ́ abẹ ìlọ́po márùn-ún.

Ẹ wo ohun tí ọmọ ń jù pẹ̀lú. Ọ̀kọ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní kò ju ẹyọ kan lọ, tí àgbà ọkùnrin ń lò, giráàmù 800. Nínú òfin eré ìdárayá àgbáyé fún àwọn tí kò tí ì pé ọdún 18 pàápàá, giráàmù 700 ni ti ọmọkùnrin, 500 ni ti ọmọbìnrin. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó gbé 800 lé ọmọ ọdún 12 lọ́wọ́. Bí owó kò bá sí, ọparun tí a gé, tí a wọ̀n lórí ìwọ̀n àwọn tó ń ta ẹja, sàn ju irin tó wúwo. Fún bọ́ọ̀lù ọwọ́, bọ́ọ̀lù kékeré tí àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 sí 52 ni kí ọmọ tí kò pé ọdún 12 lò. Ẹ má jẹ́ kí ọmọbìnrin ọdún 13 máa fi bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin kọ́ṣẹ́ torí òun nìkan ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Kí wọ́n tó jù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ara: ká sáré díẹ̀, ká yí apá, ká lo túùbù, ká ju bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ láti súnmọ́ lọ sí jíjìn. Ní Nọ́wè, àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọwọ́ tó fi irú ìdárayá èjìká báyìí kún ìmúgbóná ara wọn, ìṣòro èjìká wọn dín ní ìdá 28 nínú 100. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò le. Ìwé ẹ̀kọ́ lásán ni, ojú ewé kan fún ọmọ kan. Mo máa ń kọ ọjọ́, iye ìgbà tó jù, ohun tó jù, àti ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ bá sọ nípa èjìká rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Mo tún máa ń bi í bóyá ó fa omi tàbí ó din gàrí lánàá. Lóṣù tó kọjá, lójú ewé ọmọkùnrin ọdún 14 kan: Ìṣẹ́gun, 22, ọ̀kọ̀, "ó dáa." Ọjọ́bọ̀, 24, ọ̀kọ̀, "ó dáa." Ìṣẹ́gun, 11, ọ̀kọ̀, "ó wúwo díẹ̀, Sà," ó roko ní Sátidé. Mo dá a dúró níbi 11, mo ní kó lọ sáré yí pápá ká, mo sì pe bàbá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.